Àwọn Tó Ń Tọ́jú Fáìlì Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kà

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹnìkan fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan nínú fáìlì CMakeLists.txt ti XZ Utils, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Àmì náà kò sí nínú kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ ìfúnpọ̀ yẹn gan-an. Inú ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ sọ́fúwíà náà ló wà. Nígbà tó débẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ tí ojú lè rí: xz ṣì ń fún fáìlì pọ̀, ó ṣì ń tú u, gbogbo ìdánwò ń yege. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fi CMake, irinṣẹ́ ìkọ́ sọ́fúwíà, kọ́ ọ lórí Linux láti ìgbà náà lọ ti pàdánù Landlock, ìyẹn ààbò tí ètò kọ̀ǹpútà kan lè fi de ara rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má baà fọwọ́ kan fáìlì tí kò kàn án. Onítọ̀hún ò sì ní mọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Linux ló ní Landlock, nítorí náà ìlànà ìkọ́ náà ní láti kọ́kọ́ wádìí. Ọ̀nà tó ń gbà wádìí ni pé á kọ ètò kékeré kan tó lo Landlock, á gbé e fún compiler, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń sọ kóòdù tí ènìyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí compiler bá gbà á, a jẹ́ pé Landlock wà. Bí ó bá kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé kò sí, iṣẹ́ á sì máa lọ láìsí i. Àmì ìdánudúró kò lè dá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà báyẹn nínú èdè C, àṣìṣe ni. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kan láyé tí compiler rẹ̀ lè gba ètò kékeré yẹn wọlé. “Kò sí” ni ìdáhùn níbi gbogbo, títí kan orí ẹ̀rọ tí Landlock wà lára rẹ̀ digbí.

Ọ̀pọ̀ ohun ni àwọn ènìyàn ti kọ nípa wàhálà XZ ọdún náà, ìyẹn bí ẹnìkan ṣe fi ohun búburú pamọ́ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ amí àti ayédèrú orúkọ ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀tá yàn láti sá pamọ́ sí ló yẹ kí a tẹjú mọ́. Níbi yòókù nínú sọ́fúwíà, bí nǹkan bá kùnà, a ó gbọ́ ariwo rẹ̀: ètò á dúró, ìkìlọ̀ á jáde, ẹnìkan á bínú. Nínú ìlànà ìkọ́, ìkùnà jẹ́ ìdáhùn tó bófin mu. Ẹ̀rọ á gbà á, á kọ “no” sílẹ̀, á tẹ̀síwájú. Ẹni tó ń tọ́jú irú ibi bẹ́ẹ̀ nílò ojú àwọn ẹlòmíràn ju ẹnikẹ́ni lọ nínú iṣẹ́ náà, òun gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀ ní òun nìkan.

Sọ́fúwíà open source ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kóòdù nìkan kò tíì di sọ́fúwíà. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún fáìlì. Ẹnìkan ní láti sọ èyí tí compiler á kọ́kọ́ mú, èyí tó gbára lé èkejì, kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí a ó so mọ́ ọn, ohun tó máa yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ Windows tàbí Mac tàbí FreeBSD, àti ibi tí ohun tó bá jáde á lọ jókòó sí. Àkójọ ìlànà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní build system. Bí a bá ṣe òde ńlá, olóde àti olórin ni gbogbo ènìyàn ń rí. Àwọn tó ti wà nídìí iná lẹ́yìnkùlé láti òru kì í sí nínú fọ́tò. Ìdí iná sọ́fúwíà ni build system.

Stuart Feldman ló kọ èyí tó di bàbá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ń jẹ́ make, ní Bell Labs lọ́dún 1976. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Steve Johnson, ẹni tó kọ irinṣẹ́ yacc, ti fi odindi òwúrọ̀ kan ṣòfò lórí àṣìṣe kan tí wọ́n ti tún ṣe. Wọn ò wulẹ̀ tíì gbé fáìlì tí wọ́n tún ṣe náà fún compiler lẹ́ẹ̀kan sí i ni, ó wá ń wá àléébù kiri nínú kóòdù tó ti dára. Feldman wá ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa wo àkókò tí wọ́n kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan: bí kóòdù bá jẹ́ tuntun ju ohun tí wọ́n kọ́ láti ara rẹ̀ lọ, kí a tún un kọ́, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ ACM fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Software System Award nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére á mọ rírì ọgbọ́n yẹn dáadáa. Bí iná bá lọ nígbà tí ìkọ́ tó gba wákàtí méjì dé àárín, make ò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti parí ti parí nìyẹn. Síbẹ̀ ewu kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣọ́. Fáìlì tí compiler ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ lè wà nílẹ̀ ní àbọ̀, kí àkókò tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Make á wo àkókò yẹn, á gbà pé ó ti parí, á fò ó.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn make tí mo máa ń rántí. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan nínú Makefile gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tab. Bí o bá fi àlàfo lásán síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì. Kò pẹ́ tí Feldman fi rí i pé èyí ò dára. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ènìyàn méjìlá ti ń lo make nígbà náà, kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí ṣì ń kọsẹ̀ lára tab yẹn. Èyí ni ẹrù tó wà lórí alábòójútó build system: ohunkóhun tó bá pinnu lónìí, àwọn tí a ò tíì bí á máa gbé e kiri.

Lẹ́yìn make, ọ̀rọ̀ tún le sí i, nítorí pé Unix ti di oríṣiríṣi. Ti ilé-iṣẹ́ Sun yàtọ̀ sí ti HP, ti HP yàtọ̀ sí ti IBM. Ohun tó wà lórí ọ̀kan kò sí lórí èkejì. Lọ́dún 1991, David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf, èyí tó ń ṣe ìwádìí tí mo ṣàlàyé lókè yẹn: kọ ètò kékeré, gbé e fún compiler, wo bóyá ó gbà á. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ tó igba nínú iṣẹ́ kan. Alábòójútó á kọ fáìlì kékeré kan ní èdè m4, Autoconf á sì sọ ọ́ di ìwé àṣẹ kan tó ń jẹ́ configure, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tí ẹ̀rọ kọ, ẹ̀rọ ló sì máa kà á. Èmi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jókòó ka configure láti òkè dé ìsàlẹ̀, n ò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìyá irinṣẹ́ yìí pàápàá fojú winá àìní olùtọ́jú. Ẹ̀dà 2.69 Autoconf jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ẹ̀dà 2.70 tó tẹ̀ lé e kò jáde títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ, àìmọye sọ́fúwíà lágbàáyé dúró lórí irinṣẹ́ tí kò ní ẹ̀dà tuntun, kó tó di pé ilé-iṣẹ́ Bloomberg fi owó sílẹ̀ kí ẹnìkan lè ráyè parí iṣẹ́ tó ti kó jọ. Owó kò pọ̀ jù fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bó ṣe pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó rò ó.

Bí ènìyàn bá bi mí pé kí ni alábòójútó build system ń ṣe gan-an nígbà tí sọ́fúwíà bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìtàn compiler méjì, Clang 16 àti GCC 14, ni mo máa sọ. Nínú èdè C àtijọ́, o lè pe iṣẹ́ kan (function) lórúkọ láìkọ́kọ́ sọ fún compiler irú ohun tó jẹ́. Òfin èdè náà fagi lé e lọ́dún 1999, ṣùgbọ́n àwọn compiler ṣì ń gbà á pẹ̀lú ìkìlọ̀ lásán fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Clang 16 fòpin sí i lọ́dún 2023, GCC 14 sì tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ inú kóòdù gidi ni àṣà àtijọ́ yìí wà, ìkọ́ á dúró, ẹni tó ni ín á rí i, á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò kékeré tí configure fi ń wádìí ni wọ́n ti kọ láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ní àṣà àtijọ́ yẹn. Àwọn wọ̀nyí kò pariwo. Compiler tuntun kọ̀ wọ́n, configure kọ “no” sílẹ̀, sọ́fúwíà sì jáde láìní ohun tó yẹ kó ní, lórí ẹ̀rọ tí ohun náà wà.

Àwọn ará Fedora àti Gentoo, méjì lára àwọn ẹ̀yà Linux, ló bọ́ṣọ sílẹ̀. Ní Fedora, wọ́n tún compiler ṣe lọ́nà tí á fi máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá pàdé àṣà àtijọ́ náà, àní bí ó bá jẹ́ inú ètò ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Wọ́n gba inú àwọn package, ìyẹn sọ́fúwíà tí wọ́n ti dì fún pínpín, kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ni wọ́n. Àwọn kan ò ní alábòójútó mọ́ tó lè gba àtúnṣe náà. Iṣẹ́ ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Bí ó ti yọrí sí rere, kò sí oníbàárà kan tó mọ̀ pé nǹkankan fẹ́ ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an ni pé kí nǹkankan má ṣẹlẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí XZ. Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ láìgba owó. Lọ́dún 2021, orúkọ kan, Jia Tan, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àtúnṣe tó wúlò ni. Ní 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí yọjú, wọ́n ń fòró Collin pé iṣẹ́ ń falẹ̀, pé kí ó gbé e fún ẹni tó lágbára. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo ka èsì rẹ̀: ó fi sùúrù ṣàlàyé pé agbára òun ti dínkù, kí wọ́n sì rántí pé iṣẹ́ ìfẹ́ tí kò mú owó wá ni. Nígbà tó di 2023, Jia Tan ti ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde fúnra rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ojú tó wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024 ni ẹ̀dà 5.6.0 jáde. Ohun búburú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in sí méjì. Apá kìíní wà nínú fáìlì ìdánwò méjì. Fáìlì tí a ti fún pọ̀ ni wọ́n, ojú ènìyàn ò lè kà wọ́n, ó sì bọ́gbọ́n mu pé kí sọ́fúwíà ìfúnpọ̀ ní irú wọn. Níbi tí wọ́n wà, òkú ni wọ́n. Ó ku ọwọ́ tí á gbé wọn wọ inú sọ́fúwíà, build system ni Jia Tan sì fi ṣe ọwọ́ yẹn. Ó tún fáìlì kan tó ń jẹ́ build-to-host.m4 ṣe. Fáìlì gidi tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà, iṣẹ́ Gnulib, àkójọ kóòdù àpapọ̀, ni, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí ti gidi nígbà náà ni 3. Jia Tan kọ 30 sórí tirẹ̀, kí irinṣẹ́ tó bá fẹ́ fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lè rò pé tirẹ̀ ni tuntun. Nígbà tí configure bá ń ṣiṣẹ́, fáìlì yìí á wò ó bóyá Linux orí x86-64 ni, bóyá package ti Debian, ẹ̀yà Linux mìíràn, tàbí package RPM bíi ti Fedora ni wọ́n ń kọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, á tú ohun tó wà nínú fáìlì ìdánwò jáde, á so ó mọ́ liblzma, apá XZ tí àwọn sọ́fúwíà mìíràn ń lò.

Debian àti Fedora ti tún sshd tiwọn, ètò tó ń gba ènìyàn wọlé sórí sáfà láti ibòmíràn, ṣe kí ó lè máa bá systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Linux, sọ̀rọ̀, systemd ló sì ń fa liblzma wọlé. Báyìí ni kóòdù inú sọ́fúwíà ìfúnpọ̀ fi bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn alábòójútó sáfà ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà láìní aṣínà. Ọ̀pọ̀ sáfà tí àwọn ilé-iṣẹ́ wa fi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó àti n'Íbàdàn ló ń lo Linux, ssh sì ni wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ dájú. Fáìlì m4 tí wọ́n bàjẹ́ yìí kò sí nínú git, ibi tí gbogbo ayé ti ń wo kóòdù. Inú tarball nìkan ló wà, ìyẹn àpò fáìlì tí wọ́n ń gbé jáde fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. Báwo ni ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ìyàtọ̀? Àṣà Autoconf ni pé kí tarball yàtọ̀ sí git: configure àti àwọn fáìlì m4 tí ẹ̀rọ kó jọ á wà nínú ọ̀kan, wọn ò ní sí nínú èkejì. Ó ti pẹ́ tí ìyàtọ̀ náà ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Inú ìyàtọ̀ tó ti mọ́ ojú lára yẹn ni ọ̀tá jókòó sí.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ni Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fúwíà ìpamọ́ dátà PostgreSQL, tú àṣírí náà. Ìwọ̀n ìyára PostgreSQL ló ń ṣe, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó rí i pé sshd ń gba agbára ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ, kódà nígbà tí orúkọ tí wọ́n fi fẹ́ wọlé kì í ṣe òótọ́. Wíwọlé tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.299 ti di 0.807. Ó tún rántí pé Valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú ètò, ti ké gbàjarè ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn lẹ́yìn tí àwọn package kan yí padà, ó sì so méjèèjì pọ̀. Wọ́n pe àléébù náà ní CVE-2024-3094, wọ́n sì fún un ní 10 nínú 10 ní ìwọ̀n ewu. Ẹ̀dà tó bàjẹ́ ti wọ Debian tí wọ́n ṣì ń dánwò, Fedora Rawhide àti openSUSE Tumbleweed, kò tíì wọ àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ó kù díẹ̀.

Collin padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó ń gba inú gbogbo ohun tí Jia Tan fọwọ́ kàn kọjá ni àmì ìdánudúró inú CMakeLists.txt hàn síta, ó sì yọ ọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ló gbé ẹ̀dà 5.6.2 tó mọ́ jáde.

Freund fúnra rẹ̀ mọ ìdí iná yìí. Òun wà lára àwọn tó mú Meson wọ PostgreSQL ní ẹ̀dà 16, èyí tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Meson jẹ́ build system tí Jussi Pakkanen bẹ̀rẹ̀, èdè rẹ̀ kúrú, ojú sì lè kà á. Kí ó tó dé, PostgreSQL ní ọ̀nà ìkọ́ méjì tó dá dúró: Autoconf àti make fún Unix, àkójọ ètò Perl fún Visual Studio lórí Windows. Bí fáìlì tuntun kan bá wọlé, wọ́n lè ní láti sọ fún ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí Meson dé, ó di mẹ́ta, àwọn tó ń ṣàròyé pé iṣẹ́ á pọ̀ sí i kò parọ́. Wọ́n fara dà á fún ọdún kan kí ọ̀nà tuntun lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì yọ ti Perl kúrò ní ẹ̀dà 17. Alábòójútó tí kò ní sùúrù á ti yọ ti àtijọ́ ní ọjọ́ tí tuntun dé, á sì ti ba iṣẹ́ àìmọye ènìyàn jẹ́.

Ẹ̀dà 17 yìí kan náà tún ní ohun mìíràn tí kò gba àkíyèsí tó yẹ kó gbà. Ó ti pẹ́ tí tarball PostgreSQL ti ń gbé fáìlì tí ẹ̀rọ kọ, bí àwọn tí Bison àti Flex ń pèsè, kí ẹni tó ń kọ́ ọ má baà nílò irinṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa XZ, wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ PostgreSQL 17 láti orísun gbọ́dọ̀ ní Perl, Bison àti Flex tirẹ̀. Ìnira díẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé ohun tí ènìyàn kà nínú git ni yóò bá nínú tarball.

Bí ọ̀dọ́ kan ní Yábàá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń wá ọ̀nà wọ inú open source, ibí ni mo máa tọ́ka sí fún un, kì í ṣe ojú ìwé ìtàkùn tí àwọn mìíràn ti kún fọ́fọ́. Mú sọ́fúwíà kan tí o ń lò lójoojúmọ́. Gba tarball rẹ̀, gba git rẹ̀ ní ẹ̀dà kan náà, fi diff, irinṣẹ́ tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, wo méjèèjì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, wá ẹ̀rọ tó kọ ọ́ àti ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà ṣí config.log, fáìlì tí configure ń kọ èsì ìwádìí rẹ̀ sí, kí o ka gbogbo “no” tó wà níbẹ̀, kí o sì wo àṣìṣe tí compiler sọ lókè rẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ kò bá jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ ò ní ohun tí wọ́n béèrè, kọ̀wé sí alábòójútó nípa rẹ̀, kí o fi ìlà compiler náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.